Kí Ló Máa Bá Ẹ Padà?

Ní ọdún 2019 ni mo wọ ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní Bódìjà, n'Íbàdàn, láti kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú sáfà. Odidi oṣù méjì ni wọn ò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí àwọn oníbàárà ń lò. Ilẹ̀ yàrá sáfà ni mò ń gbá, omi bátìrì ìnfátà ni mò ń yẹ̀ wò. Ìwé ńlá kan sì wà tí mo gbọ́dọ̀ máa kọ gbogbo ohun tí ọ̀gá bá tẹ̀ sórí kíbọọ̀dù sí: àṣẹ tí wọ́n pa, aago tí wọ́n pa á, àti èsì tí ẹ̀rọ fún wọn. Mo ti kàwé jáde kí n tó débẹ̀, ara mi ò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Inú ìwé yẹn ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi kọ ọ̀rọ̀ náà bectl, kí n tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. FreeBSD 12.1 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, 12.0 ló sì wà lórí sáfà wa. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ bí àyà ṣe máa ń já nígbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ ètò tó gbé odidi ẹ̀rọ dúró. Bí nǹkan bá wọ́ láàárín, ẹ̀rọ lè kọ̀ kó má jí mọ́, iṣẹ́ gbogbo oníbàárà á sì dúró gbagidi. Mò ń retí kí ọ̀gá gbé díìsìkì ìta kan wá, kí a fi wákàtí bíi mẹ́ta da gbogbo nǹkan kọ sórí rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀:

bectl create ana-20191115

Wọ́n tẹ Enter. Ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan. Kí n tó mí, ó ti ń retí àṣẹ mìíràn.

“Ọ̀gá, ṣé kò ṣiṣẹ́ ni, sà?”

“Ó ti parí. Jókòó síbí, tẹ bectl list, kí o kọ ohun tí o bá rí.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó sórí àga wọn. Ìlà méjì ló jáde. Èkíní ń jẹ́ default, lẹ́tà N àti R sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Èkejì ni ana tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kò ní lẹ́tà kankan, àmọ́ níbi tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí, 8K ló wà níbẹ̀. Mo wò ó títí. Ètò tó gba gígábáìtì mélòó kan, báwo ni ìkejì rẹ̀ ṣe lè gba kílóbáìtì mẹ́jọ péré?

Ọ̀gá kọ́kọ́ fi lẹ́tà yé mi. Wọ́n ní N ni èyí tó gbé wa dúró báyìí, R ni èyí tí ẹ̀rọ á jí sí bí a bá pa á tí a tún un tan. Bí N àti R bá wà lójú kan, ibi tá a wà náà la máa jí sí. Bí wọ́n bá pínyà, kí n mọ̀ pé ìyípadà kan ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, n kì í fọwọ́ kan sáfà kankan láìkọ́kọ́ wo ibi tí N àti R wà.

Boot environment, tí àwa tá à ń lò ó ń pè ní BE, ni odidi ètò tí kọ̀ǹpútà lè jí sí: kernel rẹ̀, àwọn àṣẹ rẹ̀, fáìlì ìṣètò inú /etc, àti àwọn ètò tí a fi kún un lẹ́yìn náà. Lórí díìsìkì kan náà, a lè ní méjì, a lè ní mẹ́wàá. Èyí tí a bá yàn ni ẹ̀rọ á jí sí. Bí tuntun bá kọ̀ tí kò ṣe dáadáa, a ó yan ti àná, a ó pa ẹ̀rọ, a ó tún un tan, àwọn oníbàárà á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n wá ṣàlàyé 8K. Ìwé tí mò ń kọ ni wọ́n ṣí síwájú mi. Wọ́n ní kí n fojú inú wo akọ̀wé kan tí kì í pa ohunkóhun rẹ́. Bó bá fẹ́ tún ojú ewé kẹwàá kọ, ojú ewé tó ṣófo níwájú ló máa lọ kọ ọ́ sí, á wá ṣe atọ́ka tuntun pé ibẹ̀ ni ojú ewé kẹwàá wà báyìí. Ti àtijọ́ ṣì wà níbi tó wà. Bí akọ̀wé bá sọ atọ́ka àtijọ́ nù, ojú ewé àtijọ́ di àyè tó ṣófo, a lè kọ nǹkan mìíràn sí i. Bó bá tọ́jú atọ́ka àtijọ́ pa mọ́, ìwé àná ṣì wà lódindi, kò sì ná an ju bébà atọ́ka lọ.

Bí ZFS, ètò tó ń tọ́jú fáìlì lórí sáfà wa, ṣe ń kọ nǹkan sórí díìsìkì nìyẹn. Atọ́ka àtijọ́ tí a tọ́jú ni à ń pè ní snapshot: a lè kà á, a ò lè yí i. Bí a bá wá gbé irú atọ́ka bẹ́ẹ̀ fún akọ̀wé kejì pé kó máa kọ tiẹ̀ lọ láti ibẹ̀, clone nìyẹn. Clone ni BE tuntun, ara snapshot ti àtijọ́ la sì ti mú un jáde. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í gba àyè ní ọjọ́ tí a dá a. Bí àwọn méjèèjì bá ṣe ń yàtọ̀ síra sí i ni àyè á máa lọ.

Ọ̀gá mi mọyì rẹ̀ torí pé wọ́n mọ ohun tó wà ṣáájú rẹ̀. Sáfà Solaris ni wọ́n tọ́jú l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Live Upgrade ni Sun Microsystems fún àwọn èèyàn nígbà náà, èrò ibẹ̀ ò sì yàtọ̀: lucreate á dá ìkejì, luupgrade á ṣàtúnṣe sí i, luactivate á yàn án. Ṣùgbọ́n lórí UFS, ètò tó ń tọ́jú fáìlì nígbà náà, ńṣe ni ẹ̀rọ máa da fáìlì kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ ní apá díìsìkì tirẹ̀ tó ṣófo tí a ti yà sọ́tọ̀. Wọ́n á tẹ lucreate nírọ̀lẹ́, wọ́n á lọ jẹun, wọ́n á padà wá bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún 2001 ni Jeff Bonwick àti Matthew Ahrens bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ZFS ní Sun. Ní 2005, kóòdù rẹ̀ jáde nínú OpenSolaris fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. FreeBSD 7.0 gbé e wọlé ní 2008. Àwọn tó ń lò ó lórí FreeBSD kọ́kọ́ ń fi ètò kan tó ń jẹ́ beadm ṣètò BE wọn, ọ̀dọ̀ Solaris ni orúkọ yẹn ti wá. Nígbà tí FreeBSD 12.0 jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2018, bectl bá a wá. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo dé Bódìjà.

Ọ̀gá wá fún mi ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n máa bà á jẹ́, kí n sì máa gbà á padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Mo pa gbogbo /etc rẹ́, mo pa /bin rẹ́, mo yọ kernel. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, màá tan ẹ̀rọ, màá dúró de ojú ìwé tó máa ń kọ́kọ́ yọ kí FreeBSD tó jí, màá wọ ibi tí wọ́n ti ń yan boot environment, màá sì mú ti àná. Ìgbà kìíní tí ẹ̀rọ tí mo ti pa /bin rẹ̀ rẹ́ jí padà bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ yàrá yẹn, ẹnu mi ò padé. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo iṣẹ́ náà.

Wọ́n kọ́ mi ní ọ̀nà tó tún dára ju ìyẹn lọ. Dípò kí a máa ṣàtúnṣe sórí ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, BE tuntun la máa dá, a ó fi bectl mount gbé e sí /mnt, ibẹ̀ la máa darí gbogbo àtúnṣe sí. Èyí tó gbé àwọn oníbàárà dúró ò ní mọ̀ rárá. N'Íbàdàn níbi tí wọ́n ti lè mú iná lọ nígbàkígbà, tí bátìrì ìnfátà sì lè dákẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀, ohun ńlá ni. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé iná lọ nígbà tí àtúnṣe dé ìdajì. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ jí sí ti àtijọ́ tí a ò fọwọ́ kàn. Mo pa BE tó kù díẹ̀ káàtó náà rẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Sáfà kan tún wà tó jẹ́ pé Èkó ló wà, a ò sì lè máa gbọ̀nà Èkó ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ tún un tan. Ti irú ẹ ni bectl activate -t. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àṣẹ yẹn máa ń jẹ́. Ẹ̀rọ á jí sí BE tuntun lẹ́ẹ̀kan, bí a bá tún pa á tí a tún un tan, ti àtijọ́ ló máa padà sí. Bí tuntun bá kọ̀, tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò gbé, a ó pe ẹni tó wà níbẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, kí ẹ kà dé mẹ́wàá, kí ẹ tún un kì bọ̀ ọ́.” Ẹni náà ò nílò láti mọ nǹkan kan nípa Unix. Bí tuntun bá sì dáa, a ó tún un yàn láìsí -t, kó lè dúró. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn, ọjọ́ tí iná bá lọ ni sáfà rẹ̀ máa padà sẹ́yìn láìrán an níṣẹ́.

Àárín ọdún 2021 ni mo wá kọ́ èyí tí kò sí nínú ìwé mi.

FreeBSD 13.0 ti jáde ní oṣù kẹrin. Ọ̀gá lọ síbi ìsìnkú ní Òṣogbo, wọ́n sì fi sáfà ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ń bá tọ́jú owó ilé-ìwé lé mi lọ́wọ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ṣe iṣẹ́ náà. Mo dá BE tuntun, mo gbé e lọ sí 13.0, mo yàn án, mo tan ẹ̀rọ, ó jí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ ń lọ, àfi ètò tí ń tẹ rìsíìtì tó ń dá ara rẹ̀ dúró. Mo tún un ṣe títí, kò gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní kí n padà sí ti àtijọ́ ná. Mo tẹ bectl activate default, mo tún ẹ̀rọ tan. Ìṣẹ́jú méjì, ó ti jí. Rìsíìtì ń jáde. Inú mi dùn, mo lọ ra àkàrà.

Ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, akápò ilé-ẹ̀kọ́ pè mí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Bọ̀dá kọ̀ǹpútà, gbogbo owó tí àwọn òbí san lánàá, mi ò rí wọn mọ́ o. Bíi pé ọjọ́ Ẹtì la ṣì wà.”

Ọwọ́ mi tutù. Mo pe ọ̀gá. Mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo ṣe, mi ò fi ọ̀kan pa mọ́. Wọn ò pariwo. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí:

“Nígbà tó o padà, kí ló bá ẹ padà?”

Mi ò mọ èsì.

“Tẹ df /var/db/postgres, kí o ka ohun tó wà ní ìlà rẹ̀ fún mi.”

Mo kà á: zroot/ROOT/default. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ló ń yé mi. Abẹ́ zroot/ROOT ni gbogbo BE ń gbé. PostgreSQL, níbi tí gbogbo àkọsílẹ̀ owó wà, inú BE ló wà. Mo gbé ètò padà sí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì gbé owó àwọn òbí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Bí FreeBSD bá ṣètò ZFS fúnra rẹ̀, ó máa ń ya àwọn nǹkan kan sọ́tọ̀: ilé àwọn aṣàmúlò, /var/log, /var/mail. Dataset tiwọn, ìyẹn àyè tí ZFS yà sọ́tọ̀ fún wọn, ni wọ́n ní; BE yòówù tí a bá jí sí, wọ́n wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Orúkọ zroot/var náà wà nínú àkọsílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé gbogbo /var ló yà sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n canmount=off ló wà lára rẹ̀, ìyẹn ni pé orúkọ lásán ni, kò gba fáìlì kankan sára. Ohun tó kù nínú /var, inú BE ló ń gbé, /var/db sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó nídìí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Inú /var/db/pkg ni ìwé tí a kọ gbogbo ètò tí a fi sórí ẹ̀rọ sí wà. Bí àwọn ètò bá padà sí àná tí ìwé náà sì dúró sí òní, ìwé á máa pa irọ́ mọ́ wọn. Nítorí náà, ìwé pkg gbọ́dọ̀ bá BE rìn. Owó àwọn òbí ò gbọdọ̀ bá a rìn. Inú àpótí kan náà ni méjèèjì sì wà.

Omi tó bá dànù kò ṣeé kó, ṣùgbọ́n omi tiwa kò tíì dànù. Ọ̀gá ní kí n má pa BE 13.0 rẹ́, kí n má sì sáré jí padà sí i. Torí pé akápò ti kọ owó tuntun láàárín ogójì ìṣẹ́jú yẹn, ìwé méjì ló ti wà báyìí tí kò bára mu: ọ̀kan ní owó ọjọ́ Ajé, èkejì ní ti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní kí akápò dáwọ́ dúró. Mo fi pg_dump kó ohun tó wà lójú iṣẹ́ sílẹ̀ ná, mo pa PostgreSQL. Mo fi zfs create dá ilé tuntun fún un, zroot/pgdata. Mo fi bectl mount gbé BE 13.0 sí /mnt. Ibẹ̀ ni owó ọjọ́ Ajé wà, pípé pérépéré. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ilé tuntun, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni fáìlì kọ̀ọ̀kan. Mo ti àpótí àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbé ilé tuntun sí /var/db/postgres, mo tan PostgreSQL padà. Lẹ́yìn náà, akápò ń ka rìsíìtì àárọ̀ yẹn lórí fóònù, mo ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mẹ́tàdínlógún ni. Aago mẹ́ta ọ̀sán la tó parí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ fún un pé ẹ̀bi mi ni.

Nígbà tí ọ̀gá dé láti Òṣogbo, a jọ ṣí ìwé ńlá náà. Wọ́n ní kí n fa ìlà sí àárín ojú ewé kan. Lápá ọ̀tún, kí n kọ ohun tó gbọ́dọ̀ bá BE padà: kernel, àwọn àṣẹ, /etc, àwọn ètò, /var/db/pkg. Lápá òsì, ohun tí kò gbọdọ̀ bá a padà láé: àkọsílẹ̀ owó, lẹ́tà, àwọn fọ́tò tí èèyàn gbé sílẹ̀, /var/log tó máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Wọ́n wá ní kí n kọ apá kẹta sísàlẹ̀, àwọn ohun tí kì í padà bó ti wù ká fẹ́.

Ohun méjì la kọ síbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni zpool upgrade. Pool ni ilẹ̀ tí gbogbo BE dúró lé. Bí a bá fi ohun tuntun kún ilẹ̀ náà, ètò àtijọ́ tí kò mọ ohun tuntun yẹn lè má lè ka díìsìkì mọ́, kò sì sí àṣẹ tó ń yọ ọ́ padà. Nítorí náà, bí zpool status bá ń sọ fún wa pé àwọn ohun tuntun wà tí a ò tíì lò, a kì í dá a lóhùn títí a ó fi rí i dájú pé a ò tún ní padà sí BE àtijọ́ kankan. Èkejì ni àkọsílẹ̀ tí a ti yà sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Bí PostgreSQL bá kúrò ní ẹ̀yà ńlá kan bọ́ sí òmíràn, ti àtijọ́ ò lè ka ohun tí tuntun ti kọ. BE ò lè gbani níbẹ̀. Snapshot àkọsílẹ̀ náà gan-an àti pg_dump rẹ̀ la gbọ́dọ̀ tọ́jú kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé agbára BE ni pé ó ń jẹ́ kéèyàn lè padà. Mo ti wá mọ̀ pé ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì kejì, èyí tí ẹ̀rọ ò lè bá wa ṣe, ni kí a ti pín nǹkan ká láti ọjọ́ tí a ti ń ṣètò sáfà, nígbà tí ohun gbogbo ṣì ń lọ déédéé.

Ní ọdún 2022, ọ̀gá ṣe fírídọ̀mù fún mi. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì gbé ìwé ńlá náà lé mi lọ́wọ́. Èmi náà ti ní ọmọ iṣẹ́ báyìí, ọmọbìnrin kan tó yára lọ́wọ́ jù mí lọ. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan náà ló ń bà jẹ́ tó sì ń gbà padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé PostgreSQL sórí rẹ̀ láìsọ fún un, mo kọ orúkọ mẹ́wàá sínú rẹ̀ lẹ́yìn tó ti dá BE tuntun, mo wá ní kó padà sí ti àná.

Ó tẹ bectl list, ó wo N àti R. Ó tẹ bectl activate, ó kọ orúkọ BE tán, ìka rẹ̀ ti wà lórí Enter. Ó dúró. Ó pa ìlà náà rẹ́, ó sì tẹ df /var/db/postgres.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé eléyìí jáde, sà.”

Mo ṣí ìwé náà sí ojú ewé tí a fàlà sí láàárín, mo sì fún un ní bíró.